Fọ́ọ̀mù Ìyìn àti Ẹ̀kọ́ Ilé

Ìwòròkó-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, 1998.

Monínúọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ọ̀nà jíjìn tó wà láàrin wa. Ẹ̀mí wa wà nínú ilé yìí, mo sì mọ̀ pé tìrẹ náà wà, nítorí bí nǹkan bá ṣe ọ́, wọn ì bá ti ránṣẹ́ sí wa. Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó tí o kò ṣìnà kò ní jẹ́ kí o ṣìnà nínú rẹ̀, ẹnu tí o fi ń jẹun níbẹ̀ kò ní gbẹ, ọ̀gá rẹ kò ní fi ọ́ ṣe àpẹẹrẹ burúkú fún àwọn yòókù, àmín. Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, ó ti ń dé oko etílé, ṣùgbọ́n bí a bá ní kó bá wa gbé omi, orúnkún náà á tún bẹ̀rẹ̀. Páànù ẹ̀yìnkùlé tí atẹ́gùn ṣí, a ti kàn án padà, ìṣó ogójì náírà la rà, mẹ́fà sì kù. Iṣu tuntun ti pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀, èyí tó dára fún ẹni tó ń jẹ ẹ́ tí kò dára fún ẹni tó ń tà á, èmi sì ń ṣe méjèèjì.

Lẹ́tà rẹ tí Ìdòwú dírẹ́bà mú wá tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀wé sí ọ pé Ìyìn ọmọ rẹ kì í dúró lórí ìlà, pé bí agogo bá lù, á di etí, á sá wọ abẹ́ tábìlì. O ní kí n yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé bí táàmù yìí bá parí, kó máa bá mi lọ sọ́jà, nítorí owó tí à ń ná lé e lórí dà bí omi tí a ń dà sínú ajere. Mo gbọ́. Ìwọ lo bí i, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, mẹ́rin péré nínú rẹ̀ ló lò lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kí o tó fi òǹtẹ̀ lù ú, jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe rí fún ọ, nítorí ọwọ́ mi wà níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, n kò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

O tún ní kí n gbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Mo ti gbé e lọ kí o tó sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀, àbẹ́là méje, ìgò òróró kan, owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀. Wòólì ka Sáàmù lé e lórí lọ́jọ́ kìíní, iná àbẹ́là ni Ìyìn ń wò. Lọ́jọ́ kejì, ó ti rẹ wòólì, ó fo ẹsẹ kan, Ìyìn sọ ẹsẹ náà fún un, ó sì ń bá a lọ fúnra rẹ̀ títí Sáàmù fi tán. Wòólì ní òun kò rí ohun tí òun fẹ́ lé jáde lára ọmọ tó mọ Sáàmù ju òun lọ, ó ní kí n máa mú un lọ sílé, kí n gbàdúrà fún sùúrù. Mo bi í bóyá wọ́n á dá àbẹ́là mẹ́ta tí a kò tíì tàn padà fún mi, ó ní ó ti di ti ilé Ọlọ́run.

Ní oṣù kẹsàn-án ni tíṣà tuntun kan dé kíláàsì wọn. Olúwabùnmi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ifàkì ni. Ó kàwé ní Ọ̀yọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọn kì í gba ẹ̀kọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ń gbà á. Ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ohun tí òun rí lára Ìyìn ní orúkọ, ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé ṣé ó máa ń ran ni, ó ní rárá. Mo bi í pé èló ni oògùn rẹ̀, ó ní kò ní oògùn, pé kì í ṣe àìsàn tí à ń wò, bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń gba nǹkan wọlé ló yàtọ̀ sí tiwa, ariwo tó bá kọjá létí èmi àti òun wẹ́rẹ́, létí Ìyìn bí ẹni ń lu páànù mọ́ ọn lórí ni. Ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí kò ní oògùn kò lè gbowó oògùn lọ́wọ́ ẹni. Ó ní ohun tó kù ni kí ìjọba mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí òun máa kọ́ ọ bó ṣe yẹ ẹ́, kí ọ̀gá ilé-ìwé má bàa lé e. Ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ òótọ́ sí i.

Ìwọ náà mọ̀ pé n kò bẹ̀rù ìwé. Mo ka ìwé mẹ́fà nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ipò kẹta ni mo sì mú jáde. Fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ojú ewé méjì, ìbéèrè ogún, pẹ̀lú ìlà tí èèyàn máa kọ ìdáhùn sí. Mo wò ó, mo ní ìdánwò nìyí. Nígbà tí ìwọ ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, fọ́ọ̀mù la kọ́kọ́ kọ, ẹni tí tirẹ̀ kò bá dùn ún kà, wọn kì í pè é. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ará ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Adó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yìí yẹ ní ẹni tí ìjọba ń náwó lé lórí, bóyá ilé tó ní ẹ̀kọ́ ló ti wá. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, mo ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láàrin oníbàárà kan sí èkejì, mo fi ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ kí erùpẹ̀ iṣu má bàa kàn án.

Wọ́n bèèrè pé ṣé ọmọ náà máa ń wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ pé rárá o, a kò kọ́ ọ ní àfojúdi, kò wo ojú àgbà rí. Wọ́n bèèrè pé ṣé ó máa ń tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún un sọ. Mo kọ ọ́ pé ó mọ èèyàn kí púpọ̀, bí ẹ bá ní ẹ kú ọjà, lójú ẹsẹ̀ ni yóò ní ẹ kú ọjà. Ti pé ṣé ó fẹ́ràn láti dá ṣeré, mo ní kì í rin ìrìnkurìn, ẹnikẹ́ni kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí rí. Ti pé ṣé ó máa ń to nǹkan sórí ìlà, mo ní òun ló ń to iṣu mi, láti orí èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré jù, kí wọ́n wá wò ó bí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n wá bèèrè bó ṣe máa ń ṣe bí nǹkan bá yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyẹn dá mi dúró. Mo rántí ọjọ́ tí mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé dípò ọ̀nà tí a máa ń gbà, tó jókòó sílẹ̀ tó ń ké títí mo fi pa dà lọ gba ọ̀nà ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ta ni í kọ irú èyí sínú ìdánwò. Mo kọ ọ́ pé ọmọ tí kì í yẹhùn ni. Bí mo ṣe kọ gbogbo ogún nìyẹn. Mo kà á fún Ìyá Akínwálé tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun kò mọ̀ pé ọmọ náà dára tó báyìí, ó ní kí n fi í fún Akínwálé òun fẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Mo ní kí Akínwálé kọ́kọ́ ríṣẹ́ ná.

N kò jẹ́ kí tíṣà rí i. Mo lẹ àpòòwé pa, nítorí mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí tíṣà rí ìwé ìdánwò kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa máàkì í. Èmi fúnra mi ni mo fẹsẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, kí n má bàa san owó mọ́tò fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n ní àwọn kò rí ohun kankan tó ṣe ọmọ náà, pé ó hàn pé ilé tó ti wá jẹ́ ilé tó mọ ọmọ tọ́. Inú mi dùn, mo ra mínírà méjì, ọ̀kan fún Ìyìn, ọ̀kan fún bàbá rẹ. Mo ní a ti yege.

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé wọn, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, kì í ṣe ẹni ibi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, tíṣà rẹ̀ kò sì pé mẹ́wàá. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìjọba ti ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà, a jẹ́ pé oríkunkun ni, oríkunkun sì ní oògùn tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, agogo lù, Ìyìn sá wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n fà á jáde, wọ́n nà án ní ẹgba mẹ́ta. Wọ́n ní kò sunkún. Wọ́n ní ó ń ka ẹgba náà sókè bí wọ́n ṣe ń nà án, ení, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀gá rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ìyẹn ló mú un kọ̀wé sí ọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Ìyìn kò fi sọ ọ̀rọ̀ kan, kódà bí mo bá kí i, kò dá ìkíni mi padà.

Tíṣà Olúwabùnmi wá bá mi. Ó ti lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n ti jẹ́ kó rí fọ́ọ̀mù mi. Ó kà á sí mi létí níbi tí mo jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́, omi ojú náà kò sì dá. Ó ní Màmá, fọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe ìdánwò, wọn kò bi yín bóyá ọmọ yín dára, ibi tó ti nílò ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń wá, ẹ sì ti fi ẹ̀kọ́ ilé bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní ti àìwo ojú ńkọ́, ṣé wọ́n fẹ́ kí ọmọ máa wo àgbà lójú ni. Ó ní kí n fi ti àgbà sílẹ̀. Ó ní ṣé Ìyìn ti na ìka sí nǹkan rí, bí ẹyẹ, bí ọkọ̀, kó wá yíjú wò mí bóyá èmi náà rí i.

Mo ronú sí i. Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́. Gbogbo yín lẹ ṣe é, ìwọ gan-an, òṣùpá lo máa ń na ìka sí, wàá sì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú kí n lè wo ibẹ̀. Ìyìn kò ṣe é rí. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń pe èyí ní ẹ̀kọ́, tí mo sì ń gba ìyìn rẹ̀ lọ́jà. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.

Tíṣà kò dúró de ìjọba ṣáá. Ó gbé ìjókòó Ìyìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀. Bí agogo bá kù díẹ̀ kó lù, á fọwọ́ kan tábìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ìyìn á di etí, agogo á lù, á sì tú etí sílẹ̀, kò sí ìjà. Bí àwọn ọmọ bá ń fi ariwo ka ìṣirò, á fún un ní ìdérí mínírà kó lọ ṣe tirẹ̀ ní fàráńdà. Kì í ní kó mú ìwé kó jókòó kó kọ orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Á ní mú ìwé, á dúró. Ìyẹn bá ti parí, á ní jókòó. Mo ní ṣé kì í pẹ́ jù, ó ní kò pẹ́ tó kí èèyàn máa wá ọmọ lábẹ́ tábìlì. Mo ṣírò rẹ̀, òótọ́ ni.

Ó tún gé kádíbọ́ọ̀dù sí kéékèèké, ó ya àwòrán sí wọn, àwo oúnjẹ, ìwé, agogo, ilé, á tò wọ́n mọ́ ògiri láàárọ̀ bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ, èyí tó bá kọjá, Ìyìn á já a kúrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bi í pé ṣé wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní ìdìbò ni, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ wa sílẹ̀ ni, wọ́n sì ní àwòrán ẹgbẹ́ la máa tẹ̀ka sí. Mo ní kó má jẹ́ kí Ìyìn dìbò fún ẹgbẹ́ tó ní agogo. Ó ní ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn án, kó má bàa já lù ú. Ó ya irú rẹ̀ fún wa láti lò nílé pẹ̀lú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń lọ ata, ẹnì kan fà mí láṣọ, Ìyìn ni, ó fi káàdì tí a ya ife omi sí sínú ọwọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń rò ó pé òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo fún un lómi.

Ti ọjà tí o sọ, mo ti dán an wò. Mo fi í ti iṣu, mo yà lọ tọ̀. Iṣu ńlá tí mo ń tà ní ọgọ́rùn-ún náírà, obìnrin kan wá, ó ní ṣé ọgọ́ta ni, Ìyìn ní ọgọ́ta ni. Obìnrin náà ní ọmọ rere, ó mú mẹ́rin. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún tíṣà, ó ní kí n kọ iye sára káàdì, kí n fi ti ìdì iṣu kọ̀ọ̀kan, kí Ìyìn máa na káàdì sí ẹni tó bá bèèrè. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè ná ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á yìn ín, wọ́n á ṣe bí ẹni ń lọ, á ṣáà na káàdì sí wọn. Ìyá Akínwálé ní ọmọ yìí le ju èmi lọ. N kò ní purọ́ fún ọ, èrè wà níbẹ̀ fún mi bó bá jókòó tì mí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tó fi ń tajà, kíláàsì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bí a bá yọ ọ́ báyìí, ibi tó dé yìí ló máa dúró sí, ó sì ṣì jìnnà sí ibi tó lè dé.

Ọ̀rọ̀ tó kù wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ́fíìsì ti fún wa ní fọ́ọ̀mù mìíràn, ọ̀gá Akínbọ́lá sì ti gbà pé bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, òun kò ní fọwọ́ kan ọmọ náà mọ́, á sì dúró sí kíláàsì Olúwabùnmi. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ ti ìyá àgbà mọ́. Ìyá ọmọ gan-an ni wọ́n fẹ́ rí, òun àti ọmọ, lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù yìí, lẹ́yìn èyí wọn kò ní gbà á mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, táàmù á sì ti parí. Wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tó jókòó, ìgbà tó rìn, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, bóyá ọ̀rọ̀ náà sọnù lẹ́yìn náà. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà nígbà náà. Mo gbìyànjú láti buwọ́ lù ú fún ọ, mo fi lẹ́tà rẹ kọ́ ọwọ́ rẹ, ó jọ ọ́ dáadáa, àmọ́ tíṣà fà á ya, ó ní ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní èmi ni mo bí ẹni tó ni ọwọ́ náà, ó ní ìyẹn kò kan ilé ẹjọ́.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù ní Fájuyì ní Adó, mo tẹ̀ ọ́ láago ní ibi iṣẹ́ rẹ. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní nọ́ńbà náà kò ṣeé pè. Mo kí i, mo sọ orúkọ mi, mo ní kó bá mi wò ó dáadáa bóyá o wà nítòsí. Ó tún ní nọ́ńbà náà kò ṣeé pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè, kò sọ ju ìyẹn lọ, kò sì dáhùn ohun kan tí mo bi í. Ìjọba gba ìyẹn síṣẹ́, ó ń jókòó sínú fóònù, ẹnikẹ́ni kò nà án, ọmọ wa ni wọ́n ní kó kúrò ní ilé-ìwé.

Ìdòwú dírẹ́bà sọ fún mi pé níbi tí o wà, wọ́n rò pé o kò tíì bímọ. N kò bi ọ́ pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu dírẹ́bà gbòòrò. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ pé ní ọ́fíìsì Adó, kò sí ẹni tó mọ ará Èkó kankan.

Mo nílò ẹgbẹ̀rin náírà. Kádíbọ́ọ̀dù àti gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, pẹ́ńsùlù aláwọ̀ kan tí tíṣà ti ń fi owó ara rẹ̀ rà, àti owó mọ́tò èèyàn mẹ́ta lọ sí Adébáyọ̀, èmi, ìwọ àti Ìyìn. Má fi rán Ìdòwú, á yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Mú un wá fúnra rẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Tíṣà wo fọ́tò rẹ tó wà ní pálọ̀, ó ya ọ́ sórí káàdì, ó mú ọ sanra díẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ọjọ́ rẹ kò bá dájú, nítorí ohun tí Ìyìn bá rí lórí ògiri, ó gbà pé ó ń bọ̀ nìyẹn, á dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní jẹun títí yóò fi dé. Káàdì náà wà nínú àpò owó mi. Kọ ọjọ́ tí o máa wọlé ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa lẹ̀ ẹ́. Bí o kò bá ní wá, má kọ ọjọ́ kankan. Èmi lè fara dà á, ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni n kò mọ bí mo ṣe máa wí fún.

Ọlọ́run tó ń tọ́jú ọmọ fún abiyamọ yóò tọ́jú ìwọ náà fún mi. Yóò fi ẹsẹ̀ rẹ lé ọ̀nà ilé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.